Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ló Dé Tí Fóònù Màmá Kò Ní Ìpè Fídíò?

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú nínú àwọn tó dé ọwọ́ wa ní oṣù yìí, nítorí pé ọ̀ràn kan náà ni gbogbo wọn dá lé: ẹ̀rọ ìfọwọ́mú tó ní kámẹ́rà, tó sì ń rí íntánẹ́ẹ̀tì lò, ṣùgbọ́n tí kò jẹ́ kí ẹni tó ni ín rí ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Orí lẹ́tà àkọ́kọ́ ni a óò ti pẹ́ jù, nítorí pé a mọ̀ pé irú rẹ̀ pọ̀ nínú ilé àwọn òǹkàwé wa.

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá mi tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún ń gbé ní Òkè-Lísà ní ìlú Oǹdó, èmi sì ń gbé ní Àkúrẹ́. Ní ọdún 2023, mo ra fóònù alábọ́tìnì kan fún wọn ní òpópónà Ọba Adésídà, nítorí ẹni tó tà á fún mi sọ pé 4G ni, pé ó ní kámẹ́rà, pé WhatsApp sì wà lórí rẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ ni mo bá níbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tó yá, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kánádà bímọ, ó sì fẹ́ kí màmá rí ọmọ náà lójúkojú, ṣùgbọ́n a wá ibi tí a ti lè fi fídíò pe ara wa lórí fóònù náà títí, a kò rí i. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ti fíláàṣì rẹ̀, ìyẹn ni pé òun ti tún sọ́fítíwía rẹ̀ gbé sórí rẹ̀, ó gba owó lọ́wọ́ mi nígbà méjèèjì, kò sì sí ohun tó yí padà. Ní báyìí, WhatsApp fúnra rẹ̀ kò ṣí mọ́. Ṣé fóònù náà ti bàjẹ́ ni, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Oǹdó ni kò lágbára tó?
Àkọ́bí Màmá, Òkè-Àró, Àkúrẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá, ẹ sì kú oríire ọmọ tuntun. Fóònù yín kò bàjẹ́, ẹ̀bi náà kì í sì í ṣe ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì Oǹdó. Àwọn tó ṣe WhatsApp ni kò fi ìpè fídíò sínú èyí tí wọ́n ṣe fún irú fóònù bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe kò lè tún ohun tí kò sí níbẹ̀ ṣe, ì báà fíláàṣì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó sì yẹ kó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín.

Gbogbo fóònù tó ń lo áàpù ló ní sọ́fítíwía ìpìlẹ̀ kan tí àwọn áàpù yòókù dúró lé. Android tí Google ń ṣe wà, iOS tí Apple ń ṣe fún iPhone wà, KaiOS náà sì wà, èyí tó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn fóònù alábọ́tìnì 4G tí wọ́n ń tà fún wa pé ó ní WhatsApp. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe fóònù màmá, KaiOS ló jọ pé ó wà nínú rẹ̀. Ara Firefox OS ni KaiOS ti jáde, ìyẹn iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Mozilla bẹ̀rẹ̀ tó sì pa tì. Nítorí èyí, bí wọ́n ṣe ń kọ ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe ń kọ áàpù rẹ̀. Áàpù tí wọ́n kọ fún Android kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, àfi kí wọ́n jókòó kí wọ́n kọ òmíràn. WhatsApp kọ òmíràn náà lóòótọ́: ó kọ́kọ́ jáde lórí JioPhone, fóònù alábọ́tìnì KaiOS kan ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ní ọdún 2018, ó sì dé orí àwọn fóònù KaiOS mìíràn ní ọdún 2019. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìpè olóhùn kún un. Ìpè fídíò, tó ti wà lórí Android àti iPhone láti oṣù kọkànlá ọdún 2016, kò dé ibẹ̀ títí tí wọ́n fi pa á tì.

Ẹ ó béèrè pé, kí ló dé tí fóònù tó ní kámẹ́rà, tó sì lè fi fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ han màmá, kò lè ṣe ìpè fídíò? Iṣẹ́ méjèèjì kò dọ́gba. Fídíò tí wọ́n ti ká sílẹ̀ lè wọlé díẹ̀díẹ̀, kí fóònù gbà á tán kó tó fi hàn. Nínú ìpè fídíò, kò sí àyè ìdúró: fóònù gbọ́dọ̀ máa ya àwòrán lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kó máa fún wọn pọ̀ kí wọ́n lè gba ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì kọjá, kó sì máa tú àwọn àwòrán tó ń ti Kánádà bọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, kí ohùn má sì ṣe ya kúrò lára ètè ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Lára àwọn fóònù KaiOS tí wọ́n ṣe WhatsApp fún, a rí èyí tí RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tí fóònù fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò ju 256MB lọ, èyí tó kéré gan-an. Ẹrù náà wúwo jù fún un. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀yìn nìkan ni kámẹ́rà ọ̀pọ̀ nínú wọn wà. Bí màmá bá kọ ojú sí kámẹ́rà kí ọmọ lè rí wọn, àwọn fúnra wọn kò ní rí ojú fóònù mọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi gbogbo rẹ̀ sórí agbára fóònù, nítorí ìpinnu àwọn olówò wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe áàpù ló ń yan fóònù tí yóò ṣe é fún, iye àwọn tó ń lò ó ló sì máa ń wò. Ní àárín ọdún 2024, WhatsApp kúrò nínú ilé ìtajà áàpù ti KaiOS. Wọ́n ní àwọn tó ti ní i tẹ́lẹ̀ lè máa lò ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ìdí nìyí tí ti màmá kò fi ṣí mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún BlackBerry ní òpin ọdún 2017 àti fún Windows Phone ní òpin ọdún 2019. Ó dùn mí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ jáde: fóònù tí bọ́tìnì rẹ̀ tóbi, tí ohùn rẹ̀ ròkè, tí bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ mélòó kan, òun ni ó rọ àwọn àgbà wa lọ́rùn, àwọn àgbà náà ni ọmọ wọn sì jìnnà sí wọn jù. Àwọn gan-an tí ìpè fídíò ì bá ṣe láǹfààní jù lọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbàgbé.

Ohun tí mo rò pé kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ má ṣe gba fóònù náà lọ́wọ́ màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fi gba ìpè lásán, nítorí ó ti mọ́ wọn lára. Ẹ ra Android kan tí kámẹ́rà wà níwájú rẹ̀. WhatsApp kò gba Android tó kéré sí 5.0 mọ́ (nọ́ńbà yìí ni a fi ń mọ bí Android ṣe jẹ́ tuntun sí), ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ra èyí tó wà létí ààlà bẹ́ẹ̀, torí pé ààlà náà ń sún síwájú. Ẹ ra èyí tó ga jù ú lọ dáadáa. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí “Settings”, kó wọ “About phone”, kí ẹ fi ojú ara yín rí nọ́ńbà Android rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìpè fídíò pe ẹnì kan lórí fóònù náà níwájú rẹ̀ níbẹ̀. “Ó ní WhatsApp” kò tó, “ó ní kámẹ́rà” kò tó, “4G ni” náà kò tó. Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí fóònù tí ẹ rà, ohun tí ẹ fẹ́ kò sì sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìka kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í ronú kàn. Iná mànàmáná díẹ̀ tó wà lára wa ni ojú fóònù Android fi ń mọ̀ pé a fọwọ́ kàn án, ìka tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún fọ́ kòkó tó sì ti yi tàbí tó gbẹ kì í tètè yé e. Bí màmá bá ń tẹ̀ ẹ́ tí kò dáhùn, kì í ṣe pé wọn kò mọ̀ ọ́n lò; ẹ fi ìpara díẹ̀ ra ìka náà, tàbí kí ẹ ra kálámù onírọ́bà orí tí wọ́n ń fi tẹ ojú fóònù. Ẹ mú kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí ẹ sì gbé orúkọ àbúrò yín láti inú WhatsApp wá sí ojú ìwé àkọ́kọ́ fóònù, kí wọ́n má ṣe máa wá a kiri. Títí tí owó rẹ̀ yóò fi jọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ tó wà nítòsí máa gbé Android tirẹ̀ lọ bá màmá ní ọjọ́ Àìkú kan tí àbúrò yín bá ráyè.

Ìbéèrè: Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí. Ọmọ mi ọkùnrin fún mi ní iPad 2 kí ó tó lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Skype ni a fi ń rí ara wa nígbà kan, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti ṣí. Mo fẹ́ gba WhatsApp sórí rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ mi ti pẹ́ jù. Kámẹ́rà rẹ̀ sì ń ya àwòrán dáadáa.
Tíṣà Àgbà, ìlú Oǹdó.

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú ìsinmi. iPad 2 jáde ní ọdún 2011, òun sì ni iPad àkọ́kọ́ tó ní kámẹ́rà. iOS 9 ni Apple bá a dé, kò sì lè kọjá ibẹ̀. Skype ti kógbá sílé pátápátá fún gbogbo ayé láti ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 2025, nítorí náà ẹ má ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè dá a padà fún yín. WhatsApp kò ní áàpù tirẹ̀ fún iPad títí di oṣù karùn-ún ọdún 2025 kan náà, èyí tó jáde náà kò sì gba irú tiyín.

FaceTime, áàpù ìpè fídíò ti Apple fúnra rẹ̀, ló kù. Bí ọmọ yín bá ń lo iPhone, ẹ dán an wò pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó ná owó kankan. Bí ó bá jẹ́ Android ló ń lò, kò sí ọ̀nà níbẹ̀, nítorí iOS 15 ti ọdún 2021 ni Apple ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ́ kí oní-iPhone fi líǹkì pe oní-Android wọlé, iPad yín kò sì lè ṣe líǹkì náà. Ẹ fi iPad náà máa kàwé, kí ẹ sì sọ fún ọmọ yín gbangba pé ẹ̀rọ tó fún yín kò lè gbé ojú rẹ̀ wá fún yín mọ́. Ó ṣeé ṣe kó má mọ̀.

Ìbéèrè: WhatsApp ti dá iṣẹ́ dúró lórí Android 4.4 mi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gba GB WhatsApp, pé ìpè fídíò yóò padà wá. Ṣé kí n gbà á?
Oníṣọ̀nà, Ìdànrè.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà á. GB WhatsApp kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ WhatsApp; àwọn tí a kò mọ̀ ló ṣe é, WhatsApp sì máa ń ti àkáǹtì ẹni tó bá ń lò ó. Àwọn oníbàárà yín wà lórí nọ́ńbà tí ẹ fi ń lo WhatsApp, ẹ sì lè pàdánù wọn bí wọ́n bá ti àkáǹtì náà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù ló máa ń sọ Android 4.4 di èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í ṣe é fún fóònù tó ti pẹ́ báyìí. Bí ẹ bá ti ra òmíràn, nọ́ńbà yín kan náà ni kí ẹ fi ṣí WhatsApp níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ń fi ọ̀rọ̀ yín pamọ́ sí àkáǹtì Google tẹ́lẹ̀, àkáǹtì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi wọ inú fóònù tuntun náà, àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ti bá oníbàárà sọ yóò sì padà wá.