Mo dá sírọ́ọ̀mù padà fún sẹ́ẹ̀lì tó ń sinmi, c-fos kò sì hàn: kí ló ṣẹlẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Mo fi ebi pa sẹ́ẹ̀lì fibroblast mi (sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe okùn tó so ẹran ara pọ̀) fún wákàtí 48 kí wọ́n lè sinmi, ìyẹn ni pé kí wọ́n dẹ́kun pípín. Sírọ́ọ̀mù, omi inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú sẹ́ẹ̀lì dàgbà, 0.5% rẹ̀ péré ni mo fi sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà mo dá a padà sí 20%, mo sì kó RNA wọn, ẹ̀dà tí jíìnì tó jí máa ń mú jáde, ní wákàtí 6. Gbogbo ibi tí mo kà á sí ni wọ́n ti ní c-fos wà lára àwọn jíìnì tó ń kọ́kọ́ jí, ṣùgbọ́n n kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn tí mo fún ní sírọ́ọ̀mù àtàwọn tí n kò fún. Ṣé sẹ́ẹ̀lì mi ti kú ni, àbí sírọ́ọ̀mù ni kò dára?

Ìdáhùn: Àkókò tí ẹ kó RNA ni mo fura sí, kì í ṣe sẹ́ẹ̀lì, kì í sì í ṣe sírọ́ọ̀mù. Kó tó di wákàtí 6, c-fos ti jí, ó sì ti sùn padà. Nígbà tí Greenberg àti Ziff ṣe irú iṣẹ́ yìí lára sẹ́ẹ̀lì 3T3 (fibroblast èkúté), tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1984, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni jíìnì náà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì pẹ́ tó fi rọlẹ̀. RNA rẹ̀ sábà máa ń pọ̀ jù lọ ní bí ìṣẹ́jú 30. Tó bá fi máa di wákàtí 2, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ohun tó mú un yá tó bẹ́ẹ̀ ni pé gbogbo ohun tí iṣẹ́ náà gbà ti wà nílẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń sinmi. Purotéènì SRF ti jókòó sórí DNA níwájú c-fos, purotéènì mìíràn, Elk-1 tàbí ìbátan rẹ̀, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àṣẹ ni wọ́n ń dúró dè. Bí purotéènì amúdàgbà bíi PDGF, tó wà nínú sírọ́ọ̀mù, bá so mọ́ olùgbà rẹ̀ lára awọ sẹ́ẹ̀lì, àwọn purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì á máa gbé àṣẹ náà fún ara wọn: Ras á jí, Ras á jí Raf, Raf á jí MEK, MEK á jí ERK. ERK yóò wọ inú núkílíọ́ọ̀sì lọ fi fọ́síféètì sí ara Elk-1, ẹ́ńsáìmù RNA polymerase II yóò sì máa ṣe RNA láti ara jíìnì náà. Kò sí purotéènì tuntun kankan tí sẹ́ẹ̀lì ní láti kọ́kọ́ ṣe. Ẹ fi oògùn cycloheximide dí ṣíṣe purotéènì lọ́wọ́, c-fos á ṣì jí. Kódà, á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á sì pẹ́ kó tó lọ, nítorí pé àwọn tó yẹ kó pa á lẹ́nu mọ́ ni kò rí ààyè jáde.

Bó ṣe ń dákẹ́ yìí gan-an ni mo máa ń fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wò. Purotéènì Fos fúnra rẹ̀ máa ń padà wá ti jíìnì rẹ̀ pa. Àwọn ẹ́ńsáìmù tuntun máa ń yọ fọ́síféètì kúrò lára ERK. Ìrù RNA náà sì kún fún A àti U, èyí tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tètè gé e wẹ́wẹ́. Jíìnì tó lè ti sẹ́ẹ̀lì sínú àrùn jẹjẹrẹ bí kò bá dákẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí ìjánu rẹ̀ fi pọ̀.

Ẹ má sì rò pé jíjí c-fos ti mú sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú ìsinmi. Bí ERK bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí purotéènì Fos dé, yóò fi fọ́síféètì sí i, Fos á sì tọ́jọ́. Bí ERK bá ti dákẹ́, kíá ni Fos á bàjẹ́. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ni purotéènì cyclin D máa ń pọ̀, tí òun pẹ̀lú àwọn ẹ́ńsáìmù CDK4 àti CDK6 á wá tú RB àti p130, àwọn purotéènì tó ń dí pípín lọ́wọ́, kúrò lára àwọn E2F tó ń darí jíìnì, kí àwọn jíìnì tí ìdàkọ DNA (ṣíṣe ẹ̀dà DNA kí sẹ́ẹ̀lì tó pín) nílò lè ṣí. Nínú fibroblast, ó máa ń tó bíi wákàtí 12 sí 18 kí ìdàkọ DNA tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá yọ sírọ́ọ̀mù kí sẹ́ẹ̀lì tó kọjá ibodè tí Arthur Pardee ṣàpèjúwe ní 1974, ibi tí sẹ́ẹ̀lì kò ti nílò sírọ́ọ̀mù mọ́ kó tó pín, yóò padà lọ sinmi.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń sinmi kì í kúkú ṣe sẹ́ẹ̀lì tó dákẹ́ pátápátá. Purotéènì FOXO wà nínú núkílíọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ń mú kí purotéènì p27 pọ̀, p27 sì ń dí pípín lọ́wọ́. Nígbà tí sírọ́ọ̀mù bá dé, ẹ́ńsáìmù AKT á lé FOXO jáde. Àmì kan náà ló ń jí àwọn jíìnì kan, tó sì ń pa àwọn mìíràn lẹ́nu mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ kó RNA ní ìṣẹ́jú 0, 15, 30, 60 àti 120, kí ẹ tó wá kó ti wákàtí 6. Ẹ mú kí omi oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń dà sí i wà ní 37°C. Ẹ da omi oúnjẹ tí kò ní sírọ́ọ̀mù sínú abọ́ àfiwé, ìyẹn abọ́ tí ẹ kò fún ní sírọ́ọ̀mù, torí pé dída omi sí i lásán lè jí c-fos. Ẹ má sì fi jíìnì actin ṣe òṣùwọ̀n tí ẹ ó fi wọn c-fos: SRF ló ń darí òun náà, sírọ́ọ̀mù sì máa ń gbé e sókè. Èyí ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Bí ìṣẹ́jú 30 kò bá tún fi nǹkan kan hàn, ẹ wo fọ́síféètì lára ERK ní ìṣẹ́jú 5 sí 10. Bó bá wà níbẹ̀, RNA yín tàbí primer (DNA kékeré tí a fi ń wá c-fos nínú RNA) ló ní àbùkù. Bí kò bá sí, ẹ wá yẹ sírọ́ọ̀mù àti sẹ́ẹ̀lì wò. Bó bá sì ti pọ̀ láti ìṣẹ́jú 0, a jẹ́ pé ebi kò tíì pa wọ́n tó.