Ṣé wọ́n á yọ sẹ̀rámíìkì tí wọ́n fi dí ihò egungun?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ha kókó kan tí kì í ṣe jẹjẹrẹ kúrò nínú egungun ojúgun bàbá mi, nítòsí orókún. Wọ́n ní sẹ̀rámíìkì wóróworó làwọn fi dí ihò tó ṣẹ́ kù. Ṣé kò ní í ṣe wọ́n ní jàǹbá? Ṣé wọ́n á tún la ẹsẹ̀ náà láti yọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ fọkàn balẹ̀, a kì í sábà yọ ọ́. Sẹ̀rámíìkì yìí kì í ṣe ti táìlì. Kálísíọ̀mù àti fọ́síféètì ló sábà máa ń jẹ́, èròjà kan náà tó mú egungun wa le, ìyẹn lara fi ń gbà á mọ́ra.

Tí ẹ bá wo wóró kan dáadáa, ihò tín-tìn-tín ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì já síra wọn. A máa ń fẹ́ kí ihò wọ̀nyẹn fẹ̀ ju 0.1 mìlímítà lọ, kí iṣan ẹ̀jẹ̀ lè ráyè wọlé. Sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ egungun á bá ibẹ̀ wọlé, á lẹ̀ mọ́ ọn, egungun tuntun á wá máa fà lé e bí ìtàkùn ṣe ń fà mọ́ igi, láti etí ihò wá sí àárín.

Ẹ bi oníṣẹ́ abẹ yín pé irú wo ló lò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Hydroxyapatite lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe nǹkan kan. Beta-tricalcium phosphate ní tirẹ̀ máa ń yòrò díẹ̀díẹ̀, láàárín oṣù mélòó kan sí bí ọdún méjì. Gíláàsì kan tún wà, tí Larry Hench, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Yunifásítì Florida, ṣe ní 1969, tó ń so mọ́ egungun gírígírí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ kọ ọ́ ni pé ó máa ń hàn funfun nínú X-ray, dókítà tí kò mọ ìtàn bàbá sì lè rò pé nǹkan mìíràn ni.

Ìrìn wọn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Sẹ̀rámíìkì oníhò máa ń tètè fọ́, kò lè gbé ìwúwo ara fúnra rẹ̀. Pé ìrora ti lọ kò túmọ̀ sí pé egungun ti dí. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi ọ̀pá ìtìlẹ́yìn sílẹ̀ títí dókítà yóò fi wo X-ray, tí yóò ní kí wọ́n máa tẹ ẹsẹ̀ náà. Tí wọ́n bá ń mu sìgá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá a dúró, torí ó ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kù. Bí ojú ọgbẹ́ bá wú, tó pọ́n, tó ń ṣọyún, tàbí tí ibà bá mú wọn, ẹ gbé wọn padà sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.