Ìbéèrè Yín: Ìròyìn Orí WhatsApp

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Kí ló dé tí màmá mi fi ń gba gbogbo ohun tó bá gbọ́ lórí WhatsApp gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹni tó fi ránṣẹ́ ni màmá gbà gbọ́, bí ó bá ti jẹ́ ohùn ìyá ìjọ, ta ni yóò béèrè orísun ọ̀rọ̀? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, nígbà àrùn Ebola, irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló mú kí àwọn ọmọ Nàìjíríà kan máa mu omi iyọ̀, tí ẹ̀mí sì bọ́ níbẹ̀. Ẹ fi ọfà méjì tí WhatsApp máa ń fi sàmì sí iṣẹ́ tó ti la ọ̀pọ̀ ọwọ́ kọjá hàn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe já wọn nírọ́ láàárín ẹgbẹ́ o.