Kí wọ́n bi í lóun nìkan

Ẹ béèrè bóyá ó tọ́ kí ẹni tó fi ọtí àti paraga ba kíndìnrín ara rẹ̀ jẹ́ gba ti àbúrò rẹ̀. Ẹ jẹ́ n dá sí i, ọ̀rọ̀ yìí ti délé wa rí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba kíndìnrín ẹ̀gbọ́n mi jẹ́, kò mutí rárá, síbẹ̀ wọ́n ní òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ẹ fi ẹ̀bi sílẹ̀ ná. Ẹni tí wọ́n máa yọ tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Kíndìnrín alààyè ni wọ́n ń lò nílẹ̀ wa, òfin ìlera ọdún 2014 sì ka títà á léèwọ̀, torí náà ará ilé ló máa ń já lé lórí.

Nílé wa ní Ìtọ́kò, ìpàdé ẹbí mú àbúrò wa ìkẹyìn. Kò tíì gbéyàwó, kò níṣẹ́ gidi, ẹ̀gbọ́n ló sì rán an níwèé. Bàbá kan ní, "Ṣé wàá jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ kú ni?" Ta ló máa dá àgbà lóhùn ìyẹn? Ó ní òun gbà. Ó tẹrí mọ́lẹ̀, ó ń ṣí bébà ara ike omi ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ní Seattle ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ kan ló ń yan aláìsàn kíndìnrín tí wọ́n máa fi ẹ̀rọ bá fọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń wo iṣẹ́, ìdílé, ṣọ́ọ̀ṣì. Ayé bú wọn. Kí wá ni pálọ̀ wa fi sàn jù?

Dọ́kítà ní ká bọ́ síta, ó kù òun àti àbúrò. Nígbà tó pè wá padà, ó ní, "Kò lè ṣe é." Kò sọ ìdí. Àwọn àgbà gbà pé àyẹ̀wò ló kọ̀ ọ́. Ó pẹ́ kí àbúrò tó sọ fún mi pé ẹ̀rù ló ba òun. Àwọn kan á ní dọ́kítà purọ́. Èmi ò rí irọ́ níbẹ̀: ẹni tí kò fẹ́, kò lè ṣe é.

Èmi ni mo padà fi tèmi sílẹ̀, kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó oògùn kí wọ́n tó gé ẹnikẹ́ni. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń lò ó kí ara má baà kọ kíndìnrín náà. Tí oògùn bá dá, ó lè bàjẹ́, tèmi ò sì ní padà sára mi.

Ọlọ́tí yín ńkọ́? Bó bá ti jáwọ́, tí àbúrò rẹ̀ sì gbà níbi tí ẹ̀yin ò sí, ó tọ́. Bí ìyẹn ò bá gbà, ẹ bá a dáwó fọ ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2025 ìjọba àpapọ̀ dín owó fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 láwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan. Ẹ lọ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Abà, l'Ábẹ́òkúta.