Ṣé Oògùn Inú Ìgò Lè Pa Pọ́ǹpù Epo Ọkọ̀ Lẹ́nu Mọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọkọ̀ mi tó ń lo bẹntiróòlù ti ń kùn bí agbo oyin lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Wọ́n ní pọ́ǹpù epo ni, wọ́n sì ní kí n ra oògùn tí a ń dà sínú epo. Mo da ìgò kan sí táǹkì, mo rọ epo kún un, ariwo náà sì rọlẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi tún bẹ̀rẹ̀. Mo ra irú mìíràn, bákan náà ló rí. Mo fẹ́ dán oríṣi mìíràn wò sí i. Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà, báwo ni n óò sì ṣe mọ èyí tó ṣiṣẹ́ jù?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Irú ìbéèrè yìí kì í wọ́n lọ́dọ̀ mi, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé ẹni tó ń béèrè ti sábà máa ń náwó sórí ìgò méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó béèrè. N kò ní dárúkọ ìgò kankan fún yín. Ìbéèrè yín ti gbà tẹ́lẹ̀ pé oògùn àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́, pé agbára rẹ̀ ló kàn tán, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ohun kan nínú àlàyé yín tó fi ìyẹn hàn. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni èyí tí ẹ kàn mẹ́nu bà fẹ́ẹ́rẹ́: ẹ rọ epo kún táǹkì ní ọjọ́ kan náà.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo nọ́sù, ìyẹn ẹnu kékeré tó ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnì, dípò kàbúrétọ̀, inú táǹkì gan-an ni pọ́ǹpù wà, nínú agolo oníke kan tó ń gbá epo jọ sí i nídìí. Mọ́tò kékeré tó ń lo iná bátìrì ni. Epo ń gba inú mọ́tò náà kọjá, epo yìí kan náà ló ń mú un tutù, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ohun tó ń yí nínú rẹ̀ máa yí láìha. Nígbà tí táǹkì bá kún, epo yóò bo pọ́ǹpù mọ́lẹ̀, ariwo rẹ̀ yóò sì há sínú epo. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé láti ilé epo sì sábà máa ń tutù ju èyí tó ti wà nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ lọ. Bí epo bá ti ń fà, ìwọ̀nba tó kù yóò máa gbóná, yóò sì máa tètè di oru, ariwo tó há mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò wá gba inú táǹkì tó ti ṣófo jáde síta. Ká ní ẹ kò da ohunkóhun sí epo ọ̀hún, ó ṣeé ṣe kí ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ kan náà gan-an.

Ẹ dán an wò láìra ìgò kankan. Ẹ jẹ́ kí epo lọ sílẹ̀ títí yóò fi ku ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ wa ọkọ̀ náà fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ó lè gbóná dáadáa, ẹ gbé e sí ibi tó dákẹ́, ẹ fi fóònù sórí ìjókòó ẹ̀yìn, kí ẹ sì gba ohùn náà sílẹ̀ bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lójú kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rọ epo nìkan kún táǹkì, kí ẹ sì tún gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bákan náà, níbi kan náà. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ mọ̀ bóyá ìgò kan wúlò gbọ́dọ̀ fi táǹkì tó ku ìdá kan nínú mẹ́rin wé irú rẹ̀, kí ó sì fi ọkọ̀ gbígbóná wé ọkọ̀ gbígbóná, nítorí pé bí a bá yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, a kò lè mọ èwo nínú méjèèjì ló fa àyípadà. Kódà, ariwo nìkan kò tó láti fi ṣèdájọ́. Pọ́ǹpù tí agbára rẹ̀ ti ń tán lè rọra dákẹ́ nítorí pé kò lè yí kíákíá mọ́, kí onímọ́tò sì máa yọ̀ pé oògùn ti jẹ́.

N kò sọ pé gbogbo ohun inú ìgò ni irọ́. Àwọn kan ní kẹ́míkà tí à ń pè ní polyetheramine, tó ń fọ ìdọ̀tí dúdú kúrò lẹ́nu nọ́sù àti lára fáàfù tí nọ́sù ń fọ́n epo sí. Ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n epo ti kọjá pọ́ǹpù kí ó tó dé ibẹ̀, ariwo tí ẹ ń gbọ́ kò sì ti ọ̀dọ̀ nọ́sù wá.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ta ìgò máa ń sọ, pé oògùn ń mú kí irin inú pọ́ǹpù máa yọ̀ bí ohun tí a fi òróró pa, ló ń bí mi nínú jù, nítorí pé òótọ́ kan ni wọ́n gbé kúrò ní àyè rẹ̀. Nínú epo dísù, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ imí-ọjọ́ kúrò kí èéfín má baà ba afẹ́fẹ́ jẹ́, bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ mú kí epo náà pàdánù lára yíyọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù dísù alágbára kò ní ohun mìíràn tó ń dáàbò bo irin wọn ju epo náà lọ. Ìdí nìyí tí ìlànà EN 590 ti ilẹ̀ Yúróòpù fi sọ pé ojú ibi tí irin ti jẹ nínú ìdánwò epo dísù kò gbọdọ̀ kọjá máíkírómítà 460, èyí tí kò tó ìdajì mìlímítà. Dísù ni ìyẹn. Bẹntiróòlù fúyẹ́, kò sì yọ̀ tó dísù, ìyẹn sì ni wọ́n mọ̀ tí wọ́n fi ṣe pọ́ǹpù inú táǹkì yín fún un. Ẹni tó bá wá ní kí ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì tàbí kẹrosíìnì díẹ̀ sí bẹntiróòlù kí pọ́ǹpù lè máa yọ̀, ẹ má ṣe gbọ́ tirẹ̀ rárá: ẹ́ńjìnì lè máa kan gbà-gbà bí ẹni tó ń lu irin, pọ́lọ́ọ̀gì lè dọ̀tí, ohun tó ń fọ èéfín nínú páìpù sàlẹ́ńsà sì lè bàjẹ́, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ohun tó sábà máa ń fa ariwo náà ṣeé fọwọ́ kàn. Asẹ́ kékeré kan wà ní ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa epo. Bí ìpẹtà àti ẹrẹ̀ bá dí i, pọ́ǹpù yóò máa fa epo tipátipá, epo tó wà lẹ́nu rẹ̀ yóò di ìfófòó oru, àwọn ìfófòó wọ̀nyí yóò sì máa bẹ́ sára ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ìyẹn ni ariwo tó máa ń ha, tó sì máa ń ké fíìn. Fílítà tó dí lè fa irú rẹ̀. Wáyà tó ti jẹra, rìlé (ohun tó ń ṣí iná sí pọ́ǹpù) tó ti jóná lẹ́nu, rọ́bà tó gbé pọ́ǹpù dúró tó ti gbẹ, tàbí bọ́rọ́ṣì mọ́tò tó ti jẹ tán náà lè fà á. Kò sí oògùn tó ń yọ ìpẹtà kúrò nínú asẹ́, kò sì sí èyí tó ń sọ bọ́rọ́ṣì di tuntun. Ní ọdún 2020, Toyota pe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ padà nítorí pé fáànù oníke inú pọ́ǹpù wọn lè fa epo mu kí ó sì wú, débi pé ẹ́ńjìnì lè kú lójú ọ̀nà. Pọ́ǹpù tuntun ni wọ́n fi tún un ṣe. Ẹ fi nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ yín béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é bóyá irú ìpè bẹ́ẹ̀ kàn yín.

Nítorí náà, ẹ fi owó ìgò tó kàn ṣe àyẹ̀wò. Kí mẹkáníìkì so gééjì mọ́ ọ̀nà epo. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí nọ́sù rẹ̀ kì í fọ́n epo tààrà sínú sìlíńdà, agbára tí epo fi ń tì sábà máa ń wà láàárín 3 sí 4 ní ìwọ̀n tí à ń pè ní báà (bar), ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ yín ni kí ó tẹ̀ lé. Kí ó tún wọn iná tó dé ẹnu pọ́ǹpù nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá fi ju bí ìdajì fóòtì lọ dín sí ti bátìrì, wáyà ni kí ó kọ́kọ́ wò, àyàfi bí ọkọ̀ náà bá ní kọ̀ǹpútà tó ń dín iná pọ́ǹpù kù fúnra rẹ̀. Kíkùn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì nígbà tí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ kì í ṣe àìsàn rárá.

Èmi kò gbọ́ ọkọ̀ yín, ìdáhùn yìí kò sì lè dípò ẹni tó fi ojú rí i. Ẹ má ṣe ṣí táǹkì fúnra yín nílé: oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń tẹ́ sí títí yóò fi pàdé iná, epo inú páìpù sì lè ṣì ní agbára lẹ́yìn tí ẹ bá ti pa ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ti ń pẹ́ kí ó tó jí, tí kò lágbára mọ́ lórí òkè, tàbí tó ń kú nígbà tó bá gbóná, ẹ má ṣe gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí ó bá sì jẹ́ pé pọ́ǹpù ni wọ́n máa pààrọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ asẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n fọ ìdí táǹkì, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi asẹ́ àtijọ́ hàn yín, nítorí pé bí ìpẹtà bá kún inú rẹ̀ tí wọn kò sì fọ táǹkì, pọ́ǹpù tuntun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láìpẹ́.