Ìbéèrè Òǹkàwé: Kí Ló Mú Kí Músítádì Mi Yára Tanná?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Nínú Oṣù Kẹta ni mo fún irúgbìn músítádì sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìbàdàn. Ó hù láàárín ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n kí ewé rẹ̀ tó tóbi tó èyí tí a lè já sọbẹ̀, ó ti ga tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ti yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè. Ṣé irúgbìn náà ni kò dára?

ÌDÁHÙN: Irúgbìn yín kò ní àbùkù, ọwọ́ yín náà kò sì burú, àsìkò ni kò bá a mu. Ìbátan kábéèjì ni músítádì, ibi tó bá tutù ló sì ti ń ṣe dáadáa. Ní ìpínlẹ̀ Rajasthan ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń gbìn ín lọ́pọ̀ yanturu nítorí òróró rẹ̀, Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kọkànlá ni àwọn àgbẹ̀ ń fún un, nígbà tí òjò ti dá tí òtútù sì ń wọlé bọ̀, kí wọ́n lè kórè rẹ̀ ní Oṣù Kejì tàbí Oṣù Kẹta kí ooru tó le. Ẹ ò rí i pé oṣù tí wọ́n fi ń kórè tiwọn ni ẹ̀yin gbin tiyín! Bí ooru bá mú un tí omi sì wọ́n, gbogbo agbára tí ì bá fi ṣe ewé ni yóò kó sínú òdòdó, ewé tó bá sì kù á le, á korò. Ooru àti ọ̀dá ọdún 2021 ba ìkórè rẹ̀ jẹ́ ní Kánádà, níbi tí ilẹ̀ Faransé ti ń ra ọ̀pọ̀ irúgbìn tí wọ́n fi ń ṣe músítádì inú ìgò, débi pé músítádì inú ìgò di ọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2022.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ dúró de ọyẹ́. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí òru àti òwúrọ̀ nìkan ni ọyẹ́ ń tutù. Ọ̀sán rẹ̀ a máa gbóná, afẹ́fẹ́ rẹ̀ a sì máa fa omi inú ilẹ̀ gbẹ. Ìparí Oṣù Keje ni kí ẹ fún un, kí ó lè dàgbà nínú Oṣù Kẹjọ, nígbà tí ìkùukùu ń bo oòrùn tí ọ̀sán Ìbàdàn sì tutù jù lọ. Ẹ kọ ebè tó ga, torí bí omi bá dúró sí i nídìí, gbòǹgbò rẹ̀ yóò rà. Ẹ po ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ erùpẹ̀, kí ẹ sì fi erùpẹ̀ tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ bo irúgbìn náà. Bó bá hù, ẹ fa èyí tó bá fún ara wọn jù tu. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 5, ẹ ó ti máa já ewé rẹ̀.