Ṣé télọ̀ ni baba ńlá wa, tí a fi ń jẹ́ Taylor?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Manchester ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, a sì ń retí àlejò tuntun. Orúkọ Yorùbá ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n a fẹ́ fi ti òyìnbó kan kún un. Ìyàwó mi ní bó bá jẹ́ obìnrin, Claudia ni. Èmi ní bó bá jẹ́ ọkùnrin, Edward. Bàbá mi ní orúkọ òyìnbó ò nítumọ̀, wọ́n kàn ń pè é ṣáá ni. Ohun kejì ni pé Taylor ni orúkọ ìdílé wa láti Èkó. Ṣé iṣẹ́ télọ̀ ni baba ńlá wa ṣe ni?

Ìdáhùn: A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Bàbá. Orúkọ òyìnbó nítumọ̀, àmọ́ ìtumọ̀ ọ̀hún ti kú lẹ́nu àwọn tó ń jẹ́ ẹ. Bí a bá pe Adébáyọ̀, ọmọdé tó gbọ́ Yorùbá á gbọ́ adé, á sì gbọ́ ayọ̀. Edward tó wà ládùúgbò yín ò gbọ́ nǹkan kan nínú orúkọ tirẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi sọ ọ́ ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: "ead", ìyẹn ọrọ̀ tàbí oríire, àti "weard", olùṣọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ ọrọ̀ ni Edward.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn náà ń wo ilé kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ. Ẹ wo ìdílé ọba Wessex, ìjọba kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Lára àwọn ọmọ tí Ọba Æthelwulf bí ni Æthelbald, Æthelberht àti Æthelred, kó tó wá kan Alfred tó jẹ́ àbíkẹ́yìn. "Æthel" tó ṣáájú orúkọ wọn, ọmọ ilé ńlá ló túmọ̀ sí. Alfred bí Edward, Edward bí Edmund àti Eadred, Edmund bí Edgar: "ead" ló kún ilé. Bí ilé onílù ṣe ń fi Àyàn síwájú náà nìyẹn, tí ilé eégún ń fi Ọ̀jẹ̀ síwájú.

Ní 1066, William, olórí ilẹ̀ Normandy, sọdá òkun wá ṣẹ́gun wọn. Orúkọ William, Robert, Richard àti Henry bá a wọlé, kò sì pẹ́ tí àwọn onílé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú orúkọ àtijọ́ ló lọ. Edward ò lọ, torí ọba kan tó ń jẹ́ ẹ ti di ẹni mímọ́ nínú ìjọ, Ọba Henry Kẹta sì fẹ́ràn ẹni mímọ́ náà débi tó fi sọ àkọ́bí rẹ̀ ní Edward ní 1239. Èmi fara mọ́ Edward yín.

Claudia ni mi ò fara mọ́. Orúkọ ìdílé kan ní Róòmù ló ti wá, "claudus" ti èdè Látìn ló sì wà nídìí rẹ̀: ẹni tó ń tiro. Kò sí òyìnbó tó máa ro èyí tó bá gbọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní fi ọmọ yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ lẹ̀yin ń wá. Ẹ wo Dorothy: èdè Gíríìkì ni, ẹ̀bùn Ọlọ́run. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì inú rẹ̀ sódì, ó di Theodore fún ọkùnrin. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn ìwé ìtumọ̀ orúkọ olówó pọ́ọ́kú. Wọ́n á ní labalábá ni Vanessa. Òǹkọ̀wé ará Ireland kan, Jonathan Swift, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é: ó gé "Van" kúrò lára orúkọ ìdílé obìnrin kan tó ń jẹ́ Esther Vanhomrigh, ó sì fi ìkékúrú Esther kún un.

Ó wá ku Taylor. Kí William tó dé, orúkọ kan ṣoṣo ló ń bẹ fún ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀. Nígbà tí gbogbo ayé wá ń jẹ́ John àti William, akọ̀wé tó ń gba owó orí ní láti fi nǹkan mọ̀ wọ́n yàtọ̀: John alágbẹ̀dẹ, John orí òkè, John ọmọ Richard. Smith nìyẹn, Hill nìyẹn, Richardson nìyẹn. Láàárín 1100 sí 1400, àpèlé yìí di ohun tí ọmọ ń jogún. Orúkọ ìkékúrú náà tún bímọ: wọ́n ń pe Richard ní Dick tàbí Hick, ló fi di Dickson àti Hickson, Robert di Hob, ó bí Hobson. Jack ni wọ́n ń pe John, ló fi di Jackson. Obìnrin ni "ster" inú Webster àti Brewster kọ́kọ́ ń tọ́ka sí, obìnrin ahunṣọ àti obìnrin apọntí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń jẹ́ King fi ilé ọba halẹ̀ mọ́ yín. Ó lè jẹ́ pé baba ńlá rẹ̀ ló máa ń ṣe ọba nínú eré ọdún.

Bẹ́ẹ̀ ni, télọ̀ ni Taylor, láti inú èdè Faransé àwọn ará Normandy: ẹni tó ń gé aṣọ. Ṣùgbọ́n baba ńlá òyìnbó kan nìyẹn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kì í ṣe tiyín. Bí ẹ bá jẹ́ Sàró, ìyẹn ìran àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ oko ẹrú tí wọ́n sì padà wálé láti Sierra Leone, bí ọ̀pọ̀ Taylor, Williams àti Johnson ti Èkó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ní Freetown níbẹ̀ ni orúkọ náà ti bá yín, níbi ìrìbọmi. Ẹ wo Àjàyí ará Òṣogùn: wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, wọ́n rì í bọmi ní 1825, wọ́n sì fún un ní orúkọ àlùfáà kan ní London, Samuel Crowther. Crowther ni ẹni tó ń ta crwth, ohun èlò orin olókùn ilẹ̀ Wales tó jọ gòjé. Kò sẹ́ni tó ń ta á ní Òṣogùn.

Nítorí náà, ẹ lọ wo ìwé ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn bàbá yín l'Ékòó, kí ẹ sì bi àgbà ilé léèrè oríkì orílẹ̀ yín. Ìyẹn ló máa sọ ibi tí ẹ ti wá. Bí ẹ bá fẹ́ pa orúkọ náà dà, ẹ kọ́ ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe é: David Brown Vincent, pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi, di Mojola Agbebi ní 1894.

Ọjọ́ 42 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún yín láti forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Orúkọ tí ẹ bá kọ ṣáájú ni ilé ìwòsàn àti ilé ìwé á máa pè, nítorí náà Yorùbá ni kí ẹ fi síwájú, kí Edward tàbí Dorothy tẹ̀ lé e. Kí ẹ sì fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan han akọ̀wé kó tó tẹ̀ ẹ́ jáde.